Gbọ̀ngàn àti Àga Pankẹ́rẹ́

Bí ẹ bá pàdé ẹni tó ní òun kò yin aláìyẹ rí nítorí ohun tí òun ń wá lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì di àpò yín mú. Ìyá Gálárì kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀. Ó mọ̀ pé ahọ́n òun dùn, ó sì mọ gbogbo ibi tí ahọ́n náà ti gbé òun dé. Ó gbé e dé ọ́fíìsì àwọn ènìyàn ńlá, ó gbé e dé ibi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà lókè òkun, lẹ́yìn náà ló wá gbé e dé ẹ̀yìn ìdí Gbọ̀ngàn, lórí eékún, níwájú èrò, pẹ̀lú abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni ìtàn yìí ń lọ. Ẹ má kánjú, a ó débẹ̀.

Gbọ̀ngàn ni ọ̀gá àgbà mùsíọ̀mù. Kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló ń pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé ó tóbi, ó máa ń dún, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Níwájú rẹ̀, "Olùṣọ́ Àgbà Ohun Gbogbo Tí Àwọn Baba Wa Fi Sílẹ̀" ni wọ́n ń pè é, ẹni tó bá sì gé e kúrú, kó yáa máa wá iṣẹ́ mìíràn kiri.

Ní àràárọ̀, kí ilẹ̀kùn tó ṣí, àwọn òṣìṣẹ́ á tò sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn. Bí Gbọ̀ngàn bá gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, akọ̀wé rẹ̀ á ké pé, "Ẹsẹ̀ kan!" Àwọn yòókù á dáhùn pé, "Ìlú gbéra!" "Ẹsẹ̀ mìíràn!" "Ìlú tún gbéra!" Bí ó bá rẹ ọ̀gá náà láàárín, ìlú á dúró síbẹ̀, á sinmi díẹ̀, á nu òógùn ojú rẹ̀ kó tó tún máa gbéra lọ.

Àṣẹ rẹ̀ kò lóǹkà. Ó ní kí wọ́n kó gbogbo bẹ́ǹṣì kúrò nínú mùsíọ̀mù, nítorí pé kò bójú mu kí àlejò lásán máa jókòó níwájú àwọn ère àtijọ́. Ó ní kí wọ́n yí ojú àwọn ère náà sí ọ̀nà ọ́fíìsì òun, kí wọ́n lè máa rí ẹni tó ń ṣọ́ wọn. Láti ìgbà náà, ìpàkọ́ ère ni àwọn àlejò ń sanwó wò. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Lọ́jọ́ tó kéde rẹ̀, gbogbo àwa òṣìṣẹ́ la pàtẹ́wọ́, tèmi sì dún ju ti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ.

Àṣẹ tó ká Ìyá Gálárì lára jù ni èyí tó dá lórí àwọn oníṣẹ́ ọnà tó wà láyé. "Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó ṣì ń mí, ọjà ló ń lọ," ni Gbọ̀ngàn máa ń wí. "Kí ẹni náà kọ́kọ́ lọ kú, kó wá padà wá rí wa."

Ní òpópónà tóóró kan ni gálárì Ìyá Gálárì wà, láàárín ṣọ́ọ̀bù télọ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe. Títa ọjà nìkan kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó ń wá fún àwọn amọ̀kòkò, àwọn ahunṣọ, àti àwọn tó ń fi igi dárà, ni àyè nínú mùsíọ̀mù, níbi tí iṣẹ́ wọn á ti pẹ́ láyé ju àwọn fúnra wọn lọ. Ọ̀nà tó tọ́ kò yá rárá. Wàá ya iṣẹ́ náà ní fọ́tò yípo yípo, wàá kọ bí wọ́n ṣe ṣe é àti ìdí tí wọ́n fi ṣe é, wàá mú ìgbìmọ̀ mùsíọ̀mù lọ síbi tí oníṣẹ́ ọnà ti ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí i, kí wọ́n lọ rò ó, kí wọ́n tún padà wá wò ó. Ó ti fi irú sùúrù bẹ́ẹ̀ mú amọ̀kòkò kan wọ mùsíọ̀mù lókè òkun rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá dùn, sùúrù kì í pẹ́ sú u. Nígbà tó kan àbúrò rẹ̀, ó ní kí òun gba ọ̀nà àbùjá.

Àbúrò rẹ̀ yìí, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, pankẹ́rẹ́ ló ń hun. Bẹ́ẹ̀ ni, pankẹ́rẹ́ tí wọ́n fi nà wá nílé ìwé náà ni. Ó máa ń là á sí wẹ́wẹ́, á rẹ ẹ́ sínú omi títí á fi rọ̀, á sì hun ún di àga. Èyí tó hun kẹ́yìn kò ní ẹlẹ́gbẹ́. Nísàlẹ̀ ó ki, ó le. Bó ṣe ń lọ sókè ló ń fẹ́lẹ́, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi dà bí àwọ̀n. Bí oòrùn bá gba ojú fèrèsé wọlé, òjìji àga náà á tẹ́ sílẹ̀, ènìyàn kò ní fẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Odidi àkókò òjò kan ló fi hun ún. Nígbà tó fi máa parí, ìka rẹ̀ ti wú, wọn kò ṣe é ká mọ́, dókítà sì ní kó jáwọ́ nínú híhun pátápátá. Nítorí náà, kò ní sí òmíràn. Èyí ló kù.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni àbúrò wí lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé e lọ, "ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé e o. Pankẹ́rẹ́ tó ti gbẹ kì í pariwo. Díẹ̀díẹ̀ ló máa ń sán. Ìgbà tẹ́ ẹ bá máa fi gbọ́ ariwo ẹ̀, ó ti tán nìyẹn."

"Ta ló fẹ́ jókòó lé e? Orí pèpéle ni wọ́n máa gbé e sí, wọ́n á tan iná sí i lórí, àwọn ọmọ ilé ìwé á máa wá wò ó. Àbí ojú ẹ ò tíì rí i ni?"

"Ojú mi ti rí i. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Kò sí nǹkan tó wù mí tó báyìí rí."

Ìyá Gálárì gbá a mọ́ra, ó sì ṣèlérí fún un pé kò séwu. Ó ti ń to ọ̀rọ̀ dídùn jọ nínú ọkàn rẹ̀ nígbà náà, bí ẹni ń to igi ìdáná.

Ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì Gbọ̀ngàn, akọ̀wé dá a dúró, ó fún un ní ìlànà. "Ẹ má wo ojú wọn tààrà. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, kẹ́yin náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kí tiyín tètè parí. Bí wọ́n bá sín, ẹ ní, 'Ìlú á pẹ́.'"

"Tí mo bá wá fẹ́ sín ńkọ́?"

Akọ̀wé ronú sí i gidigidi. "Ẹ gbé e mì," ni ó wí.

Ìyá Gálárì wọlé, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì, ó sì jọ̀wọ́ ahọ́n rẹ̀. "Olùṣọ́ Àgbà Ohun Gbogbo Tí Àwọn Baba Wa Fi Sílẹ̀! Igi ńlá tí gbogbo ẹyẹ ń wọ̀ sí! Ẹni tó jẹ́ pé bí ẹ bá ń kọjá, àwọn ère gan-an ń fẹ́ dìde kí yín, ẹsẹ̀ ni wọn ò ní!"

"Púpọ̀ nínú wọn ní ẹsẹ̀," ni Gbọ̀ngàn wí.

"Ojú ló ń tì wọ́n nígbà náà, sà."

"Ó yé wa. Máa bá a lọ." Gbọ̀ngàn kì í sọ pé "mo". "A" ló máa ń sọ, nítorí pé kò gbà pé ẹnì kan ṣoṣo lè tóbi tó òun. Lẹ́yìn tó ti gbọ́ ìyìn títí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ojú rẹ̀ wá kan àga. "Kí nìyí?"

"Àga ni, sà. Àbúrò mi ló hun ún."

"Ó ti kú?"

"Rárá o, sà! Ó wà láàyè."

"Kí ló dé tó o fi gbé e wá?" Ó rìn yí i ká, ó sì fi ìka kan tọ́ ọ. "Pankẹ́rẹ́ lèyí. Tíṣà kan fi irú ẹ̀ nà wá rí. A ò ṣẹ̀ ẹ́. A kàn ní ká bá a kọ́ kíláàsì náà ni, torí a mọ̀ ọ́n ju òun lọ."

Ẹni tó bá gbọ́n, kó gbẹ́nu dákẹ́ níbẹ̀. Ìyá Gálárì kò dákẹ́. "Ọjọ́ ẹ̀san wá dé nìyẹn, sà! Nígbà yẹn, pankẹ́rẹ́ ló wà lórí yín. Lónìí, ẹ̀yin lẹ máa wà lórí pankẹ́rẹ́. Ẹ jókòó lé e lẹ́ẹ̀kan péré, ká yà yín ní fọ́tò, kí ayé lè rí aṣẹ́gun!"

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde ló mọ̀ pé òun ti ta àbúrò òun. Ó tilẹ̀ na ọwọ́ síwájú bí ẹni pé ó lè gbá a mú. Ṣùgbọ́n Gbọ̀ngàn ti ń bọ̀, ẹ̀yìn ló sì fi ń bọ̀.

Ó jókòó. Àga náà kò sọ nǹkan kan. Gbọ̀ngàn gbé apá lé e, ó fi ẹ̀yìn tì í, ojú rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀. Ó ti ń jókòó lórí àga aláwọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, òógùn ló sì fi ń dìde. Atẹ́gùn ń gba inú èyí kọjá.

"A ti gbà á," ni ó wí.

"Mùsíọ̀mù ti gbà á, sà?"

"A ti gbà á," Gbọ̀ngàn tún un sọ, ó sì di ojú.

Láti ọjọ́ náà, kò fẹ́ dìde mọ́. Orí àga náà ló ti ń jẹun, orí rẹ̀ ló ti ń báni wí, orí rẹ̀ ló ti ń sùn lọ́sàn-án, wọ́n á sì ní kí àlejò dúró, pé Olùṣọ́ Àgbà ń bá àwọn baba wa sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ìyá Gálárì sọ ọ́ dàṣà láti máa lọ kí i. Ó máa ń jẹ́ kí bírò bọ́ lọ́wọ́ òun kí ó lè bẹ̀rẹ̀, kí ó fojú wo abẹ́ àga. Lọ́jọ́ kan ó rí i tí okùn pankẹ́rẹ́ kan ti sán, ó ń fì dirodiro. Ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Kí ló ṣe? Ṣé ó bá ọkùnrin náà sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ ni? Rárá. Tìmùtìmù ló lọ rán. Ó ní kí télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé fi òwú aláwọ̀ góòlù kọ gbogbo oyè Gbọ̀ngàn sí i, oyè náà sì gùn débi pé tìmùtìmù náà ní láti fẹ̀ bíi pẹpẹ.

Inú Gbọ̀ngàn dùn dé ìdí. "Ní báyìí," ni ó wí, "a lè jókòó di ìrọ̀lẹ́."

Bí àbúrò rẹ̀ bá sì béèrè, Ìyá Gálárì á ní, "Ó ti wà ní mùsíọ̀mù." Irọ́ kọ́. Òótọ́ tó burú ju irọ́ lọ ni.

Àbúrò gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ó wọ aṣọ tó dára jù nínú àpótí rẹ̀, ó kó àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé àgbàlá dání, wọ́n sì lọ wo àga. Wọ́n rìn láti yàrá dé yàrá, láti ìpàkọ́ ère kan dé òmíràn. Kò sí bẹ́ǹṣì tí wọ́n lè fìdí lé. Nígbà tó rẹ̀ wọ́n tán, àbúrò lọ bá bàbá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, àga pankẹ́rẹ́ tuntun yẹn dà?"

"Èyí tó wà lábẹ́ Ọ̀gá?" ni bàbá náà wí. "Ẹ gba ẹ̀yìnkùlé, ẹ máa rí i lójú fèrèsé. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n rí yín o."

Wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n rí ẹ̀yìn gbàràgàdà kan tó bo ibi tí iṣẹ́ ti dára jù lára àga náà, wọ́n rí etí tìmùtìmù, wọ́n sì rí àwọn okùn tó ti sán tí wọ́n ń fì lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà wá ohun tó dára sọ. "Ó kúkú ń gbádùn ẹ̀," ni ó wí.

Àbúrò kò padà sílé. Tààrà ni ó gba gálárì lọ. Kò pariwo. Ó dúró sí àárín ilé, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti fi mí ṣe ìjókòó."

"Olólùfẹ́ mi, adúmáadán, ọmọ ìyá mi àtàtà, jẹ́ n ṣàlàyé…"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹnu yẹn bá mi sọ̀rọ̀. Ẹnu tẹ́ ẹ fi ń bá òun sọ̀rọ̀ nìyẹn."

Ìyá Gálárì wá ẹnu mìíràn, kò rí. Ojú tì í tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì bú sẹ́kún. "Èmi ni mo ní kó jókòó," ni ó wí nígbà tó yá. "Mo kàn ń fẹ́ kó fẹ́ràn ẹ̀ ni. Má bínú sí mi."

"Mò ń bínú sí yín," ni àbúrò wí. "Ẹ lọ gbà á wá."

Ó lọ. Gbọ̀ngàn ní ohun tí òun bá ti gbà kì í padà. Nígbà náà ni Ìyá Gálárì wá ṣe ohun tó yẹ kó ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó kó àwọn fọ́tò tó ti yà nígbà tí àga náà ṣì pé jáde, ó kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ láìfi iyọ̀ kún un, ó sì kàn sí ìgbìmọ̀ tó láṣẹ láti gba iṣẹ́ wọ mùsíọ̀mù, àwọn tí Gbọ̀ngàn fúnra rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ wọn bí ó tilẹ̀ ti gbàgbé. Agbẹ̀bí kan tó ti fẹ̀yìn tì ni olórí wọn, ìyá tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ìyá Gálárì kó wọn lọ sí àgbàlá àbúrò rẹ̀. Wọ́n rí agbada omi tó fi ń rẹ pankẹ́rẹ́, wọ́n rí ọ̀bẹ tó fi ń là á, wọ́n rí ìka rẹ̀. Wọ́n lọ, wọ́n rò ó, wọ́n tún padà wá.

"Níbo ni àga náà wà báyìí?" Agbẹ̀bí béèrè.

Ọ̀rọ̀ dídùn kan yọ sí Ìyá Gálárì lẹ́nu, ó gbé e mì. "Ọ̀gá àgbà ló ń jókòó lé e, mà. Èmi ni mo ní kó jókòó."

"A ń bọ̀ wá wò ó," ni Agbẹ̀bí wí.

Nígbà tí Gbọ̀ngàn gbọ́ pé ìgbìmọ̀ fẹ́ràn àga náà, kò bẹ̀rù rárá. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní òun ti sọ tipẹ́ pé iṣẹ́ àwọn alààyè ló yẹ mùsíọ̀mù, pé àwọn ọ̀tá ìlọsíwájú ni kò jẹ́. Àwa tó ń gbọ́ mi orí, a ní lóòótọ́ ni. Ó pe ayẹyẹ ńlá, ó pe àwọn oníròyìn, ó ní kí wọ́n gbé àga òun sórí pèpéle ní gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀, òun náà sì gun orí rẹ̀ kí àlejò tó dé. Gbogbo ènìyàn wà ní ìdúró, nítorí pé kò sí bẹ́ǹṣì, ẹ ò sì gbàgbé ẹni tó kó wọn.

Gbọ̀ngàn mú máíkì. "Ẹ̀yin ènìyàn wa! Nígbà tí wọ́n bí wa, a kò sunkún. A wo ọ̀tún, a wo òsì, a wá béèrè pé, mùsíọ̀mù ìlú yìí dà? Láti ọjọ́ náà ni a ti ń ṣiṣẹ́. Àga tí ẹ ń wò yìí, inú òkùnkùn ló wà. Àwa la fà á jáde. Àwọn kan fi ojú dán iṣẹ́ ọnà wò, ojú sì máa ń tanni. Àwa, ìdí wa la fi dán an wò, ìdí yìí kò sì parọ́ rí!"

Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ àtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Ó ròyìn ilé ìwé tó lọ, ó ròyìn àìsàn tó ṣe é rí, ó dárí ji àwọn ọ̀tá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá àgbà kan nínú ìgbìmọ̀ fi ara ti ògiri. Lábẹ́ Gbọ̀ngàn, pankẹ́rẹ́ ń dá a lóhùn ní jẹ́ẹ́jẹ́, kẹ́, kẹ́, àbúrò tó wà láàárín èrò sì ń di ojú nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá gbọ́ ọ.

Agbẹ̀bí gbé ọwọ́ sókè. "Ọ̀gá, ẹ dìde ká lè rí àga."

"Ẹ ń rí i."

"Ẹ̀yin là ń rí. Ẹ ti jókòó lé e."

"Ta ló jókòó?" ni Gbọ̀ngàn wí tìbínú-tìbínú. "A ò jókòó lé e. À ń ṣe àfihàn rẹ̀ ni."

Agbẹ̀bí wò ó bó ti máa ń wo ọkọ tó bá ń pàṣẹ ní yàrá ìrọbí. Ó yí sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. "Ẹni tó bá gbà pé kí àga yìí di ti mùsíọ̀mù, kó nawọ́." Gbogbo ìgbìmọ̀ nawọ́. Gbọ̀ngàn kò lè rí ìdìbò kan kó má jẹ́ pé tòun ló ga jù. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè tagbára-tagbára.

Ohun tó kù lábẹ́ rẹ̀ já fàà. Ìdí rẹ̀ wọlé, eékún rẹ̀ pàdé àgbọ̀n rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ṣí kúrò nílẹ̀, àga náà sì há a mọ́ra pinpin. Akọ̀wé rí ẹsẹ̀ tó gbéra, ẹnu rẹ̀ kò dúró gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹsẹ̀ kan!" ni ó ké. Ó dùn mí láti sọ fún yín pé àwa kan dáhùn.

"Ẹ fà wá jáde!" Gbọ̀ngàn kígbe. Àwọn òṣìṣẹ́ fà á. Bí wọ́n ṣe ń fà á ni pankẹ́rẹ́ tó ṣẹ́ ń gún un, tó sì ń sán sí i.

"Ẹ má fà á!" Àbúrò ti sáré dé iwájú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bà á jẹ́!"

"Ẹ pe káfíńtà!" Gbọ̀ngàn ń ké. "Kó gbé ayùn wá! Kó gé pàǹtí yìí kúrò lára wa!"

Agbẹ̀bí sún mọ́ ọn. "Kí lẹ pè é?"

"Pàǹtí!"

"Ìsinsìnyí la gbà á wọlé, ọwọ́ méjì lẹ̀yin sì nà sí i. Iṣẹ́ yín ni láti ṣọ́ ọ. Ṣé ẹ̀yin lẹ ní ká fi ayùn gé e?"

"Ẹ gé e! Bó bá gba pé kẹ́ ẹ gé gbogbo nǹkan tó wà nínú ilé yìí, ère àtilẹ̀kùn, ẹ gé e, ẹ ṣáà yọ ìdí wa!"

Àwọn oníròyìn ti na ẹ̀rọ sí i lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ti ń nu àwọn ère náà láti ìgbà èwe wọn ń wo ara wọn lójú, bàbá ẹnu ọ̀nà sì ṣí fìlà.

"Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni kẹ́ ẹ bá mi wá," ni àbúrò wí. "Bó bá mu omi, á rọ̀, á sì tú u sílẹ̀." Wọ́n gbé omi wá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀yìn Gbọ̀ngàn, ó fẹ́ mú okùn àkọ́kọ́, ìka rẹ̀ kò ká. Ó tún gbìyànjú, wọn kò ká. Omi lé ròrò sí i lójú. Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá."

"Èmi kẹ̀?"

"Ọwọ́ yín ni mo fẹ́. Màá máa sọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe."

Bí Ìyá Gálárì ṣe dé ibi tí mo ti wí nìyẹn. Ó ti kúnlẹ̀ níwájú ọkùnrin yìí láìmọye ìgbà. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tó máa kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì rí i pé níbí yìí, òun kò nílò láti parọ́ kankan. Ó da omi. Gbọ̀ngàn ké pé ó gbóná.

"Kò gbóná, sà," ni ó wí. "Ẹ fara balẹ̀."

"Ẹ mú èyí tó gba òkè kọjá," àbúrò ń sọ. "Kì í ṣe ìyẹn. Ìyẹn ṣòkòtò wọn ni. Ẹ tì í, ẹ má fà á. Ó káre. Ó ku èyí tó ṣìkejì."

Bí wọ́n ti ń tú u lọ́wọ́, Agbẹ̀bí ní kí ìgbìmọ̀ ṣèpàdé níbẹ̀, nítorí pé ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn wà ní ìjókòó. Àwọn òṣìṣẹ́ sọ ti bẹ́ǹṣì, wọ́n sọ ti ìpàkọ́ ère, wọ́n sọ ti àtẹ̀gùn. Gbọ̀ngàn fẹ́ fèsì, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ ti ká mọ́ inú rẹ̀, ohùn tó jáde kéré bíi ti ẹni tó wà nínú àmù. Ìgbìmọ̀ ní kó máa lọ sílé. Àwọn tó máa ń dáhùn "Ìlú gbéra" ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, wọ́n sì pa á dáadáa, ọwọ́ wọn ti mọ́ ọn. Ẹ má bi mí bóyá mo wà níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni okùn ìkẹyìn tú, Gbọ̀ngàn sì dìde tòun ti ṣòkòtò tútù, ó jáde láìkí ẹnikẹ́ni.

Àga kù, pẹ̀lú ihò nídìí. Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n gbé e sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ihò náà ti di ìtàn.

"Èmi ò hun ihò," ni àbúrò wí. "Ẹ̀gbọ́n mi ló máa dí i. Màá jókòó tì wọ́n."

Ìyá Gálárì ní òun kò mọ̀ ọ́n hun. Àbúrò ní òun mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lójoojúmọ́ ló ń ti gálárì, tó ń lọ sí àgbàlá, tó ń la pankẹ́rẹ́, tó ń rẹ ẹ́, tó ń hun ún, àbúrò á sì wò ó, á ní, "Ẹ tú u." Ọwọ́ rẹ̀ bó. Lọ́jọ́ kan tó sú u, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yin pankẹ́rẹ́ náà bó ti máa ń yin ènìyàn, ó kì í títí, pankẹ́rẹ́ sán mọ́ ọn lọ́wọ́. Àbúrò rẹ́rìn-ín dọ́ba, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ojú fèrèsé nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n wò ó, inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́ kí òmíràn tún sán.

Ní ìkẹyìn, àbúrò kò sọ pé kó tú u mọ́. Wọ́n gbé àga náà sórí pèpéle nínú mùsíọ̀mù, wọ́n tan iná sí i lórí, òjìji rẹ̀ sì tẹ́ sílẹ̀. Àwọn ère ti kọjú síta, àwọn bẹ́ǹṣì ti padà. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó sí ọ̀kan nínú wọn, ó wo àga náà pẹ́, ó yíjú sí obìnrin méjì tí wọ́n dúró nítòsí.

"Ta ló hun nǹkan báyìí?"

Ìyá Gálárì ti la ẹnu. Ìyìn àbúrò rẹ̀ ti tò sí i lórí ahọ́n, gbogbo rẹ̀ ló sì jẹ́ òótọ́. Àbúrò ló kọ́kọ́ fèsì.

"Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ni, sà."

Ẹnu Ìyá Gálárì wà ní lílà bẹ́ẹ̀. Ó rọra di ọwọ́ wíwú náà mú.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni bàbá náà wí. "Ibo ni ẹ̀gbọ́n yín hun níbẹ̀?"

Àbúrò nawọ́ sí ìjókòó àga náà. "Ibi tó wọ́ yẹn."